Irọ́ Tó Wà Nínú Lẹ́tà Ìdágbére Mi

Ìlà márùn-ún péré ni lẹ́tà náà. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù Keje ọdún 2022 ni mo kọ ọ́, nínú yàrá wa ní Àkóbọ̀, Ìbàdàn. Wọ́n ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń ríran. Mo kọ ọ́ pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kan tó jẹ mọ́ ẹbí mi. Mo dúpẹ́ fún ọdún mẹ́rin tí mo fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìyá rere. Mo tọrọ àforíjì níbi gbogbo tí mo bá ti ṣẹ̀ wọ́n. Mo gbàdúrà kí Ọlọ́run túbọ̀ gbé ilé ìwé náà lékè. Mo buwọ́ lù ú, mo fi í sínú àpò ìwé, mo lọ sùn.

Kò sí ọ̀rọ̀ ẹbí kankan nílẹ̀. Bàbá àti ìyá mi wà lálàáfíà, ọkọ mi ò ní kí n má ṣiṣẹ́ mọ́, ara ọmọ mi dá ṣáṣá. Ohun tó lé mi níbẹ̀ ni pé ó tó oṣù márùn-ún tí mo ti ń bì láràárọ̀ ọjọ́ Ajé. Oyún kọ́. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Bí máíkírà tí mo wọ̀ bá ti ń sún mọ́ ìyànà tí mo ti máa ń sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ mi á tutù, ọ̀fun mi á gbẹ, n ó ní kí awakọ̀ jọ̀ọ́ dúró díẹ̀.

Mò ń kọ èyí nítorí pé mo ti rí ohun tí irọ́ ìlà márùn-ún yẹn kó bá ẹlòmíràn. Mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn yìí ló ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nínú fáìlì níbì kan, tàbí tó ń gbèrò àtikọ ọ́ lọ́la.

Ilé ìwé girama aládàáni ni. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Èmi ni akọ̀wé owó. Òṣìṣẹ́ 41 ló wà lórí ìwé owó oṣù tí mò ń ṣe: olùkọ́ 26, àwọn tó kù jẹ́ agbálẹ̀, awakọ̀, alásè, olùṣọ́ àti àwa ará ọ́fíìsì. Ìwé méjì ló máa ń wà lórí tábìlì mi. Ọ̀kan ni ìwé owó oṣù. Èkejì, ìwé ńlá ẹlẹ́yìn pupa kan, ni a ń pè ní ìwé gígé. Rejísítà ẹnu géètì la fi ń kọ ọ́. Bí aago bá ti lu 7:15 àárọ̀, olùṣọ́ á fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ orúkọ ẹni tó wọlé kẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ orúkọ sísàlẹ̀ ìlà pupa, 500 náírà rẹ̀ ti lọ. Wọn kì í gba òjò gẹ́gẹ́ bí àwáwí. Bí wọ́n bá rí fóònù lọ́wọ́ olùkọ́ ní kíláàsì, 1,000. Akẹ́kọ̀ọ́ fọ́ gíláàsì fèrèsé, olùkọ́ kíláàsì ni yóò san án. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni pé bí òbí bá yọ ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé mìíràn, olùkọ́ kíláàsì ọmọ náà á san 3,000, wọ́n á ní òun ni kò tọ́jú oníbàárà.

Olùkọ́ físíìsì wa ń gba 45,000 lóṣù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó pẹ́ dé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọmọ mẹ́ta sì kúrò ní kíláàsì rẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Owó tí a gé jẹ́ 13,500. Mo tún un ṣírò bóyá mo ti ṣì í. Nígbà tó wá gba ìwé owó oṣù rẹ̀ lójú fèrèsé mi, ó wò ó títí, ó ká a sí mẹ́rin, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ọkùnrin tó dàgbà jù mí lọ dáadáa. Mi ò mọ ibi tí n ó gbé ojú sí.

Ìyá tó ń gbálẹ̀ ń gba 18,000, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin nígbà náà jẹ́ 30,000. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sán mọ́ ọn lọ́wọ́, a gé 1,500. Kò bínú. Ó kàn bi mí bóyá òun lè gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tó sán náà lọ sílé, níwọ̀n ìgbà tí òun ti sanwó rẹ̀. Mo lọ bèèrè. Wọ́n ní rárá.

Gbogbo wa là ń pe onílé ìwé náà ní Mọ́mì, títí kan ẹni tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn, mo sì gbà pé inú orúkọ yẹn ni gbòǹgbò ọ̀ràn wà. Agbanisíṣẹ́ ṣeé bá ṣe àdéhùn: iṣẹ́ tí n ó ṣe rè é, owó tí ẹ ó san rè é. Ìyá kò ṣeé bá ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá ń bèèrè owó rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá, aláìmoore ni. Ọmọ tó bá ní ohun tí ìyá ṣe kò dára, aláfojúdi ni. Èyí tó bá wá ní òun ń lọ, ó kọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Ní ìpàdé àárọ̀ Ajé, lẹ́yìn orin àti àdúrà, Mọ́mì á dìde, á ní ẹbí ni wá níbí. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti pe olùkọ́ kan síwájú, ó ti ń ka àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀, ó ti ní kó kúnlẹ̀. Mo rí ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún lórí ìkúnlẹ̀ lójú àwọn ọmọ SS2 tó ń kọjá lọ sí láàbù. Èdè wa tó mọ ẹ̀yin yàtọ̀ sí ìwọ, àṣà wa tó ní ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, ohun iyì ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn. Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi tí mo bá rí ẹni tó ń fi í lọ́ owó oṣù ẹlòmíràn gbà.

Gbólóhùn kan tún wà tí Mọ́mì máa ń sọ: kò sí ẹni tó fi ibí sílẹ̀ láìgba àdúrà òun tí ọ̀nà rẹ̀ là. Á wá máa sọ ìtàn wọn fún wa, ẹni tó lọ tí mọ́tò rẹ̀ jóná, ẹni tó lọ tí kò tíì fọwọ́ gbọ́mọ jó. A máa ń ṣe àmín. Mo ní HND nínú ìṣirò owó, mo mọ̀ pé mọ́tò kò mọ ibi tí ẹni tó ń wà á ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, síbẹ̀ mo ń ṣe àmín, ẹ̀rù sì ń bà mí tọkàntọkàn. Nítorí náà, nígbà tí ó kàn mí láti lọ, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀: owó oṣù tó kẹ́yìn, ìwé ẹ̀rí mi, àti àdúrà. Mo rò pé kò sí èyí tí òtítọ́ lè bá mi gbà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bàbá mi, tó fi ọdún 33 ṣiṣẹ́ ìjọba, gbà mí nímọ̀ràn. "Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni," ó ní. "Kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ta ni yóò wá wo inú ilé rẹ? Dágbére fún ìyá náà dáadáa, gba ohun tó jẹ́ tìrẹ, kí o máa bọ̀."

Mo ní, "Bàbá, irọ́ ni ẹ ní kí n pa yẹn o."

Ó ní, "Ṣé wọ́n pè ọ́ sílé ẹjọ́ ni?"

Mi ò dá bàbá mi lẹ́bi. Nígbà tiwọn, ẹni tó bá fi ìjà kúrò ní ọ́fíìsì kan, ọ̀rọ̀ náà á máa tẹ̀ lé e láti ìlú dé ìlú. Ó fẹ́ kí n jáde láìfarapa.

Mo sì jáde láìfarapa. Mọ́mì ka lẹ́tà náà. Nígbà tó dé ibi "ìyá rere", ó kà á sókè. Ó bi mí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí n kò mọ̀ mọ́ ọn pé, "Ṣé kò sí nǹkan, ọmọ mi?" Mo ní, "Rárá, mà." Ó ṣí dúrọ́ọ̀ tí ìwé ẹ̀rí gbogbo òṣìṣẹ́ wà, ojúlówó ìwé, kì í ṣe fótókọpì, ó yọ tèmi. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà. Àdúrà náà gùn. Mi ò dijú. Inú dúrọ́ọ̀ yẹn ni mò ń wò, àwọn àpò ìwé tò lé ara wọn, orúkọ olùkọ́ físíìsì wà lára èyí tó wà lókè pátápátá.

Láàárín oṣù kan tí mo fi ń dágbére, wọ́n ti gba ọmọbìnrin kan tí yóò jókòó sí ipò mi. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kọ́ ọ níṣẹ́. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣe ìwé owó oṣù, mo kọ́ ọ bí a ṣe ń ka ìlà pupa, mo kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣe ìwé gígé. Ọmọ tó ní làákàyè ni, kò bèèrè ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò sọ nǹkan mìíràn fún un.

Ní oṣù Kejì ọdún 2023, lásìkò tí náírà tuntun di àwátì tí a ń tò sẹ́nu ọ̀nà báǹkì láti ìdájí, ó pè mí.

"Anti, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan, ẹ má bínú o." Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò, òun bi Mọ́mì pé kí ló dé tí ẹni tó wà níbẹ̀ fi ń lọ. Mọ́mì ò wí nǹkan kan, ó kàn na lẹ́tà mi sí òun. "Mo rí ibi tí ẹ ti kọ 'ìyá rere', Anti. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà láti fi ìwé ẹ̀rí mi sílẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ ẹbí ni lóòótọ́?"

Mo dákẹ́ títí tó fi rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ.

Ó ní òun ti wo inú fáìlì. Lẹ́tà àwọn mẹ́rin tó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú mi wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń lọ kàwé sí i. Ọ̀kan ń bá ọkọ lọ sí Àbújá. Méjì ní ìdí tó jẹ́ tàwọn nìkan. Gbogbo wọn ló dúpẹ́. Èmi náà ti rí fáìlì yẹn nígbà tí mo dé lọ́dún 2018. Mo kà á, mo ní ibi ire ni mo bọ́ sí yìí.

Ohun tí mo ní í sọ fún ẹni tó ń múra àtikúrò nìyí. Ẹ ò jẹ ọ̀gá yín ní àlàyé kankan. Ẹni tó máa jókòó sórí àga yín lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ lẹ jẹ ní gbèsè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Mọ́mì fúnra rẹ̀ náà, torí mi ò fẹ́ ṣe àìdáa sí i. Àwa márùn-ún la kọ̀wé sí i lọ́kọ̀ọ̀kan pé ó dára. Ó bi mí léèrè ní tòótọ́, mo ní kò sí. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ì bá yí padà ká ní mo dáhùn. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá bi í lónìí pé ṣé ó ń fìyà jẹ òṣìṣẹ́, ó ní ìwé márùn-ún tí yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ọwọ́ wa la fi kọ ọ́.

Àwọn èèyàn ń rò pé méjì ni ọ̀nà: kí o bú ọ̀gá kí o tó lọ, tàbí kí o yìn ín kí o sì máa lọ. Mo rí ẹni tó gba ọ̀nà kìíní. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wa ni, ní oṣù Kẹrin ọdún 2021. Wọ́n jẹ ẹ́ lówó oṣù méjì, òótọ́ ni, ìṣirò rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ó dìde ní ìpàdé lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sọ ti oṣù méjì náà, inú bí i débi pé ó pe Mọ́mì ní àjẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, kò sẹ́ni tó rántí oṣù méjì mọ́. Àjẹ́ tó pe Mọ́mì ni gbogbo ilé ìwé ń sọ, láti ọ̀dọ̀ olùṣọ́ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí. Ẹjọ́ tó jàre rẹ̀ ni èébú gbé mì. Kò rí owó náà gbà.

Èmi ń sọ̀rọ̀ nípa lẹ́tà kúkúrú tí kò ní irọ́ nínú. Ọjọ́ tí o kọ ọ́, ipò rẹ, ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ yóò parí, owó tí wọ́n jẹ ọ́, ohun tí o dá padà fún wọn. Bí o kò bá fẹ́ kọ ìdí, fi ìdí sílẹ̀. Kò sí òfin tó ní dandan ni kí o sọ ìdí tí o fi ń lọ, ẹni tó sì dákẹ́ kò purọ́. Mo ti wá rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì: lẹ́tà tí kò ní ìdí nínú á jẹ́ kí ẹni tó kà á bèèrè síwájú sí i, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó ní irọ́ nínú á ti ìlẹ̀kùn ìbéèrè. Ọmọbìnrin yẹn ti bèèrè. Ó ṣe ohun tó yẹ kí ọlọ́gbọ́n ṣe. Èmi ni mo ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn lójú.

Ní ti iye ọjọ́ tó yẹ kéèyàn fi dágbére, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́. Oṣù kan ló wà nínú tèmi. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, Labour Act, sọ tirẹ̀: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti kọjá oṣù mẹ́ta ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì láti ọdún méjì títí di ìgbà tí yóò fi kù díẹ̀ kó pé márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ. Tí ọ̀gá bá ní òun kò gbà kí ẹ lọ, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Àwọn ilé ẹjọ́ wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé lọ́jọ́ tí ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ bá ti dé ọwọ́ agbanisíṣẹ́ ló ti múlẹ̀, kò sì sí agbára lọ́wọ́ rẹ̀ láti kọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà kan tí wọ́n fọwọ́ sí, pẹ̀lú déètì. Mi ò ní. Àdúrà ni mo gbà.

Lẹ́yìn tí mo kúrò ni mo tó jókòó ka òfin náà fúnra mi, mo sì dé abala karùn-ún. Ó kà á léèwọ̀ fún agbanisíṣẹ́ láti gé owó òṣìṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn. Èèwọ̀ ni, kódà bí òṣìṣẹ́ bá ti fọwọ́ sí i pé òun gbà. Ti ohun tó bàjẹ́ nítorí àìbìkítà òṣìṣẹ́, ó ní bó ṣe gbọ́dọ̀ rí, ọ́físà ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i ní kíkọ. Òfin yẹn yọ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti ọ̀mọ̀wé tàbí ti alákòóso sílẹ̀, nítorí náà àwọn olùkọ́ ní láti wo ìwé tí wọ́n bá fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ó kan agbálẹ̀. Ó kan awakọ̀, ó kan olùṣọ́ tó ń fa ìlà pupa, ó kan èmi akọ̀wé. Mo rántí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó sán. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo jáde lọ dúró sí bálíkónì fún ìgbà pípẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì tún wà, òfin tirẹ̀ sì yàtọ̀. Lábẹ́ òfin ọdún 2014, òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, agbanisíṣẹ́ ń fi ó kéré tán ìdá 10 kún un, ó sì gbọ́dọ̀ dé ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó oṣù. Èmi ni mo máa ń ṣírò rẹ̀, Mọ́mì fúnra rẹ̀ ló ń bá báǹkì sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún tó sì fi oṣù mẹ́rin wà láìníṣẹ́ lè gba ìdá 25 nínú owó rẹ̀, nítorí náà mo lọ yẹ tèmi wò sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, kí oṣù mẹ́rin tó pé. Wọ́n tẹ ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde fún mi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́. Oṣù 11 ló wà níbẹ̀.

Ní oṣù yẹn kan náà ni Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé kan, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 190, tí àjọ àwọn òṣìṣẹ́ lágbàáyé ṣe ní Geneva lọ́dún 2019 lòdì sí ìwà ipá àti ìfìyàjẹni níbi iṣẹ́. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin ilẹ̀ wa lọ́dún 2010 sì ti gbé ẹjọ́ ìwà àìtọ́ níbi iṣẹ́ lé ilé ẹjọ́ tí à ń pè ní Industrial Court lọ́wọ́, ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Ìbàdàn níbí. Mi ò ní kí gbogbo èèyàn gba ibẹ̀ lọ. Mò ń sọ ọ́ kí ẹni tó ń bì láràárọ̀ Ajé lè mọ̀ pé ohun tó ń ṣe é ní orúkọ nínú òfin.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò wí. "Ẹ ti kúrò, ẹ lè sọ̀rọ̀. Èmi, ìwé ẹ̀rí mi ṣì wà ní dúrọ́ọ̀." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí yín. Ẹ bèèrè rẹ̀ ní kíkọ, láìpurọ́ pé báǹkì tàbí ilé iṣẹ́ aṣojú òkèèrè ló fẹ́ rí i. Tiyín ni, ohun tó jẹ́ tiyín kò gba àwáwí. Ẹ sì ṣe fótókọpì gbogbo ìwé owó oṣù yín kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹ ń lọ. Ẹlòmíràn á ní wọn kò ní jẹ́rìí òun sí rere níbi iṣẹ́ tuntun. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iye oṣù tí owó kò dé kì í ṣe èébú, ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti kà á sí àfojúdi nígbà tí ìwé wà tó fi í hàn. Èyí tí ẹ kò bá ní ìwé rẹ̀, ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Mi ò ní kọ ìkúnlẹ̀ yẹn sínú lẹ́tà mi, bó ti wù kó dùn mí tó. Ìwé gígé ni mo lè kọ, torí mo ní ẹ̀dà rẹ̀.

Ibi tí òtítọ́ ti ṣe pàtàkì jù ni ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń fi iṣẹ́ lé ẹni tuntun lọ́wọ́. Èyí ni mo kábàámọ̀ jù, ju lẹ́tà náà lọ. Gbólóhùn mẹ́ta péré ni mo jẹ ọmọ yẹn: má fi ojúlówó ìwé ẹ̀rí rẹ sílẹ̀; máa yẹ owó ìfẹ̀yìntì rẹ wò lóṣooṣù; owó tí wọ́n ní kí o máa gé yìí, òfin kò fi àyè gbà á fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́. Kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kò ní èébú nínú. Ọjọ́ márùn-ún la fi jókòó pọ̀, a jọ jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2023 mo kọ lẹ́tà mìíràn sí ilé ìwé náà. Mo kọ ọ́ pé ìdí tí mo sọ nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Mo to oṣù 37 tí owó mi kò dé lẹ́sẹẹsẹ, mo fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì mi. Mọ́mì pè mí lálẹ́ ọjọ́ tó gbà á. Ó ní òun gba àdúrà òun padà. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, owó náà ńkọ́?" Títí di oṣù Kẹfà, oṣù mẹ́fà ti wọlé nínú rẹ̀. Mo ṣì ń lé ìyókù.

Ọmọbìnrin náà wá sílé wa lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún. Ó ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ó bèèrè rẹ̀ ní kíkọ lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ dúró lẹ́nu ọ́fíìsì Mọ́mì lẹ́ẹ̀kẹta. A jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, ó kọ lẹ́tà tirẹ̀ lórí ìwé pélébé, ó nù ún, ó tún un kọ. Ó kọ ọjọ́ tí òun yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó kọ oṣù mẹ́rin tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò dé. Ó kọ ọ́ pé òun kò lè máa gé owó agbálẹ̀ àti olùṣọ́ mọ́ nítorí pé òfin kò fi àyè gbà á. Lẹ́yìn náà ó dúró.

"Anti, ṣé kí n dúpẹ́?"

Mo ní, "Ṣé ohun kan wà tí o fẹ́ dúpẹ́ fún?"

Ó rò ó. Ó ní nígbà tí bàbá òun kú ní oṣù Kejìlá, wọ́n fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì, wọn kò sì gé owó rẹ̀. Mo ní kó kọ ìyẹn. Ó kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ó dé géètì ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ó kọ orúkọ rẹ̀ sókè ibi tí wọ́n máa ń fa ìlà pupa sí. Akọ̀wé Mọ́mì gba lẹ́tà náà, ó fọwọ́ sí ẹ̀dà kan, ó kọ déètì àti aago sí i. Ọmọbìnrin náà ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ rẹ̀: "Anti, ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe fi í sínú fáìlì. Orí tiyín ló wà."